Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

"Ẹ yọ 'bú gbàmù' kúrò níbẹ̀, màdáámù, kí ẹ fi 'sinmi' rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Kí Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi tó sọ̀rọ̀ yẹn tán, ó ti fi bírò pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Isuada, bírò pupa kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ìwé náà kọjá lórí tábìlì sí iwájú Jemimah, olùkọ́ físíìsì. Jemimah wò ó. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni "Ohun tí Ìràwọ̀ Tó Bú Gbàmù Ń Ṣe". Ó ti wá di ohun tí ìràwọ̀ tó sinmi ń ṣe.

"Ìràwọ̀ yìí ò sinmi, sà," ó ní. "Ó bú ni. Bí kò bá bú, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà."

"Ẹ má bínú, màdáámù. Nítorí tiyín náà ni."

Nítorí tiyín! Ọdún mẹ́rin gbáko ni Jemimah ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí, ó sì ti sú u. Nítorí tirẹ̀ ni wọn kì í fi í ju bángà ládùúgbò wọn ní Ọ̀wọ̀ bí Kérésìmesì bá dé. Nítorí tirẹ̀ ni olùkọ́ kẹ́mísírì fi máa ń pa ìwé dé bó bá ti wọ yàrá olùkọ́. Nítorí tirẹ̀ náà ni ọmọ kan ṣe gba ìfọ́tí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé bàlúùn bẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Jemimah ló gbé ọmọ náà mọ́ra tó ń bẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe rí ni pé Ambrose, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní káńsù, gbé sílíńdà jáde láàárọ̀ Sátidé kan pé òun fẹ́ lọ rọ gáàsì. Ṣọ́ọ̀bù gáàsì náà bú gbàmù. Ambrose ò padà wálé. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà ṣe ń pe ejò ní okùn lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà di "ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn". Jemimah kọ́kọ́ dúpẹ́. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n ṣàánú òun? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orúkọ Ambrose pàápàá fi bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan bú, báwo ló ṣe máa dárúkọ ẹni tó bá a lọ? Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogún ọdún ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àbúrò Ambrose gan-an, ọmọ ìyá rẹ̀, "ẹni yẹn" ló ń pè é. Nínú ilé ìdáná Jemimah nìkan ni wọ́n ti ń pe Ambrose ní Ambrose, òun nìkan náà ló sì ń pè é. Gáàsì ló ń fi dáná níbẹ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ló lọ ra sílíńdà mìíràn fúnra rẹ̀, tó gbé e lé orí, tó gba àárín ọjà kọjá kí ojú gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ dá ọ̀rọ̀ mi padà síbẹ̀, sà," ó sọ fún ọ̀gá àgbà. "Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ni mo ní kí ẹ kọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn òbí ló ń bọ̀, àwọn òbí ló ń tẹ ìwé ètò. Ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ òbí. Bí Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus bá fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Sìmẹ́ǹtì ni Sylvanus ń tà ní Ọ̀wọ̀ báyìí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, gáàsì ló ń tà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó bú.

Jemimah gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Sylvanus dìde fún un, ó nu àga pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́, ó rán èèyàn lọ ra omi tútù. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ti òsì, èyí tí iná jó, inú àpò ló máa ń wà. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń pàdé nílùú, àwọn méjèèjì ò tíì sọ ju "ẹ kú àárọ̀" àti "ilé ńkọ́" lọ.

"Màdáámù," ó ní lẹ́yìn tó ka ìwé náà, "ẹ jẹ́ kó rí bí ọ̀gá àgbà ṣe kọ ọ́. Nítorí tiyín ni."

"Mo bẹ̀ yín ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá àgbà kọ lẹ́tà sí mi ná."

Ó padà sí Isuada. Ọ̀gá àgbà ní òun ò lè kọ lẹ́tà láìjẹ́ pé alága béèrè fún un nínú ìwé. Ó tún padà sí Ọ̀wọ̀. Alága ní kí ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀. Ó tún padà sí Isuada. Ọ̀gá àgbà ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, akọ̀wé sì ti lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a bíi bọ́ọ̀lù. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó lọ, ó bọ̀ nígbà mẹ́fà, débi pé ọlọ́kadà ò béèrè ibi tó ń lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o: nígbà àkọ́kọ́, ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà kejì, kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Nígbà kẹta, ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. Nígbà karùn-ún, ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì ló dúró sí tó ti ń sọ tẹnu rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi kíkùn lásán bẹ̀rẹ̀ ti ń di ohùn.

Láti ibẹ̀ ló ti yà sí ọ̀dọ̀ Kúbúrá.

Kúbúrá ni ọmọ Bàbá Jìbírílù tó ń tún fíríìjì ṣe ní àárín ìlú. Àgbà ti dé sí bàbá náà, ọmọbìnrin yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, kò sì sí fíríìjì tó lè purọ́ fún un. Òun àti Jemimah ni wọ́n jọ kan àpótí gíláàsì kan tí Jemimah fẹ́ gbé lọ sí Ọjọ́ Sáyẹ́ǹsì. Àwo pẹlẹbẹ oníná tó ń mú omi tutù nínú dìsípẹ́ńsà, tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ, ni Kúbúrá yọ nínú èyí tó ti bàjẹ́. Ó to méjì léra, ó gbé irin dúdú lé wọn, ó fi yìnyín sí ìsàlẹ̀, ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ bátìrì ọkọ̀. Jemimah rẹ fóòmù sínú sípíríìtì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí gíláàsì náà. Bí irin náà bá ti tutù dáadáa, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bò ó, bí hóró tín-ín-tín kan tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ bá sì gba inú rẹ̀ kọjá, ilà funfun á yọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì jókòó tì í.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o," Kúbúrá ní. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 'sinmi' tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀yin ẹ sáà mọ ohun tí ẹ ń sọ nínú ara yín. Kí lẹ ń bá wọn fà á sí?"

"Nítorí pé irọ́ ni. Wo ibí. Ìràwọ̀ tó bá tóbi ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, bí ohun tó ń jó nínú rẹ̀ bá tán, á wó lu ara rẹ̀, á sì bú. Ara rẹ̀ á fọ́n ká. Ìgbì ńlá kan á ti ibẹ̀ jáde, á máa sáré lọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tó kù lára ìràwọ̀ nìyẹn."

"Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyókù ṣe?"

"Fara balẹ̀. Hóró kan wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí. Ìgbì yẹn á bá a. Agbára òòfà wà níwájú ìgbì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí hóró yìí bá sáré síwájú, ti iwájú á dá a padà. Bó bá kọjá sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn á tún dá a padà síwájú. Wọn ò jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá kọjá lójú ìgbì náà, ó ń gba agbára díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni o! Wọ́n á dá a padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dá a padà nígbà ẹgbẹ̀rún, títí agbára rẹ̀ á fi pọ̀ débi pé kò sí èyí tó lè dá a dúró mọ́ nínú wọn. Á já. Á máa rìn kiri nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa yìí fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Bó bá wá kan afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa, á fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń rọ̀ lé wa lórí níbí yìí, tọ̀sán-tòru."

Kúbúrá ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan. "Tíṣà! Ara yín gan-an lẹ ń ròyìn! Isuada, Ọ̀wọ̀! Ọ̀wọ̀, Isuada! Wọ́n rò pé àwọn ń dá yín padà!"

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Jemimah ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, kò sì rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ibẹ̀ ni ilà funfun kan ti yọ nínú àpótí, tó gùn tó ìka ọwọ́, tó dúró díẹ̀ kó tó pòórá.

"Ṣé ẹ rí i?" Kúbúrá ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo rí i."

"Sùbúhánàllà. Èyí ń ti ara wa kọjá báyìí? Kò pa wá?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Bí o bá tẹ́ ọwọ́ rẹ, bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá fi máa lọ, ọ̀kan ti gba inú rẹ̀ kọjá."

"Ó dáa náà." Kúbúrá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwá-sẹ́yìn. "Kò sí ohun tó ti òkè bọ̀ tí ilẹ̀ ò gbà. Ẹ lọ sọ ọ́ bó ṣe rí, Tíṣà. Èmi ni màá gbé bátìrì."

Ìgbà keje tí Jemimah dé ṣọ́ọ̀bù Sylvanus, kò gbé ìwé kankan lọ́wọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Mi ò wá gba ìfọwọ́sí mọ́, Bàbá. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ọdún mẹ́rin ni ẹ ti ń sọ pé nítorí tèmi ni. Ṣé nítorí tèmi ni, àbí nítorí tiyín?"

Sylvanus wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ tanná ran án," Jemimah ní. "Àwọn tó wádìí ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n mo bínú sí yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mi ò bínú pé ó bú. Mo ń bínú pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì ń kí mi kú àárọ̀ láti ọdún mẹ́rin bí ẹni pé ẹ ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, màá sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jókòó ti sìmẹ́ǹtì yín."

Ó yípadà, ó ń lọ. Inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ kún dẹ́nu. Ìwé ètò ti jáde, ó sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn: "Ohun tí Ìràwọ̀ Tó Sinmi Ń Ṣe". Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi sún mọ́ Jemimah létí pátákó.

"Màdáámù, bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fi lè jáde lẹ́nu yín lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ oko ní Imoru lẹ máa bá ara yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá kọ lẹ́tà tó máa gbé yín lọ síbẹ̀ fúnra mi."

"Ẹ kọ ọ́, sà. Ojú ọ̀run wà ní Imoru náà."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: ÌRÀWỌ̀ TÓ BÚ GBÀMÙ. Ìyá kan gbé ọwọ́ lé ẹnu. Àwọn kan ń wo Jemimah bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní. "Orúkọ mi ni Jemimah. Ambrose ni orúkọ ọkọ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó bá yín fún àwọn ọmọ yín lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì kọrin níbi ìgbéyàwó yín. Gáàsì ló bú gbàmù tó pa á. Mo ti sọ ọ́, ilé ò sì wó. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìràwọ̀."

Ó sọ ọ́. Ó sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń wó lu ara rẹ̀, bí ìgbì ṣe ń jáde, bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe ń gbá hóró kékeré náà síra wọn láìmọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń fún un lágbára. Nígbà tó débẹ̀, ó wo ọ̀gá àgbà, kò sì gbójú kúrò. Kúbúrá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn bátìrì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ iye ìgbà tí tíṣà wọn gun ọ̀kadà lọ́sẹ̀ méjì yẹn.

"Ìràwọ̀ tó sinmi kò lè ṣe é," ó ní. "Ìyókù èyí tó bú ló ń ṣe é. Ẹ wá wò ó."

Wọ́n tò wá síbi àpótí náà. Wọ́n ń pariwo bí ilà bá ti yọ. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo àwọn ọmọ ìràwọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí ó wo ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di Jemimah lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ambrose ló fún Muslimat mi lábẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù." Ẹlòmíràn náà ní òun rántí bí Ambrose ṣe máa ń yínmú bí akọrin bá ṣi ohùn gbé. Orúkọ náà ti ń lọ, ó ń bọ̀ nínú gbọ̀ngán. Jemimah dúró, ó ń gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin!

Ìgbà tí èrò dín kù ló rí Sylvanus. Ẹ̀yìn pátápátá ló ti jókòó látàárọ̀. Ó ń bọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ó dúró níwájú àpótí náà. Kúbúrá fẹ́ sọ̀rọ̀, Jemimah sì ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́.

Sylvanus yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò nínú àpò. Awọ rẹ̀ ti sún jọ, ìka méjì ti lẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ́ ẹ sókè àpótí náà, sínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn dúró. Ilà funfun kan yọ nísàlẹ̀, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gan-an.

"Ó gba inú èyí náà kọjá?" ó béèrè.

"Ó gba inú rẹ̀ kọjá. Kì í yan ọwọ́."

Ó wo ibi tí ilà náà ti wà títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ nípàdé ẹgbẹ́ òbí sọ ọ́ mọ́. Èdè Ọ̀wọ̀, èdè ilé, ló fi sọ ọ́. Ó ní, ó bú. Ó ní, gáàsì òun ló bú. Ó ní òun ni ẹni tó bá Ambrose sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láyé, òun sì ti ń gbé e kiri láti ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ ọ́.

Jemimah fa àga méjì. Ó jókòó sórí ọ̀kan. Ọ̀gá àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́, ó wò wọ́n, ó sì padà.

"Ẹ jókòó," Jemimah ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yẹn, kí ló ń ṣe?"

"Orin ló ń kọ."

"Orin wo?"

Sylvanus kì í ṣe akọrin. Ohùn rẹ̀ há, kò sì mọ ibi tó yẹ kó ti gbé e. Ó mí, ó gbé ọwọ́ òsì náà lé orúnkún rẹ̀ ní gbangba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.